Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí dísù dé nínú páìpù irin?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ ni mo fi ń jẹun ní Ìlẹ́ṣà. Páìpù irin ńlá kan ni jórinjórin bá mi dí lókè àti nísàlẹ̀ kí n lè máa rọ dísù sí i. Ó wà lóòró, ihò tí a ń gbà rọ epo sì wọ́ débi pé igi kò ṣe é tì bọ inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni epo ti tán mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí àwọn oníbàárà ṣì tò lọ rẹrẹ. Ǹjẹ́ mo lè mọ ibi tí epo dé láì lu páìpù náà? — Ìyá Oníẹ̀rọ

ÌDÁHÙN: Màmá, ó ṣe é ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná jórin lu ihò sí i, nítorí afẹ́fẹ́ epo tó kù nínú páìpù tí a rò pé ó ti gbẹ lè gbiná kí ó sì bú gbàù.

Ẹ kọ́kọ́ dán omi gbígbóná wò. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ dà á sí ara páìpù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án láti òkè wá. Ibi tó ṣófo yóò ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n níbi tí epo dé, irin yóò ti tutù, nítorí pé epo ti fa ooru náà mu. Bí irin náà bá nípọn, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Èyí tó péye jù ni ẹ̀rọ tó ń lo ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aláboyún ní ilé ìwòsàn Wesley Guild. Ohun tó ń yọ̀ tí wọ́n máa ń fi pa ikùn kì í ṣe lásán: afẹ́fẹ́ tín-ín-rín tó bá wà láàárín ti tó láti dá ìró náà padà. Ìwà afẹ́fẹ́ yìí gan-an ni yóò ràn yín lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbé ojú ẹ̀rọ náà lé ẹ̀gbẹ́ páìpù níbi tí epo wà, ìró yóò la irin àti epo kọjá, yóò kan irin òdìkejì, yóò sì padà wá. Níbi tó ṣófo, kò ní dé òdìkejì rárá. Kí wọ́n máa sún un sókè díẹ̀díẹ̀: ibi tí ìdáhùn òdìkejì bá ti pòórá ni epo parí sí. Kí wọ́n kọ́kọ́ ha ìpẹtà kúrò lójú ibẹ̀.

Àwọn mìíràn máa ń gbé e sábẹ́ ìdí páìpù, kí wọ́n fi àkókò tí ìró lò ṣírò gíga. Nínú omi, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 1,480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kò yá tó bẹ́ẹ̀ nínú dísù, bí wọ́n bá sì fi ti omi ṣírò, gíga náà kò ní péye; nítorí náà ti ẹ̀gbẹ́ ni mo fara mọ́.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ táǹkì oníke, tó ń fi iná mànàmáná mọ ibi tí omi dé. Irin kì í jẹ́ kí agbára rẹ̀ wọlé.

Ní báyìí ná, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ìtutù ti bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, kí ẹ sì rọ epo kí àmì náà tó ku ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìdí páìpù.