Tú okùn yẹn, síkù kì í ṣe fèrè ẹnì kan

Àbúrò, o ní o ra síkù, fèrè àwọn ará òkè Andes, o so apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, o ń dá a fọn nínú yàrá, òòyì ń kọ́ ẹ, orin ọ̀hún kò sì jọ èyí tó o gbọ́ tó o fi rà á. Gbogbo rẹ̀ ti ṣe mí rí. Tú okùn yẹn.

Oṣù mẹ́sàn-án ni mo gbé ní Puno, lẹ́bàá adágún Titicaca ní orílẹ̀-èdè Peru. Ìlú náà fi nǹkan bí 3,800 mítà ga ju òkun lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé tí mo wọ̀ sí, ńṣe ni mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ. Inú afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ yẹn náà ni àwọn Aymara àti Quechua, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, ti ń fọn síkù, tí wọ́n ń jó, tí àwọn míì ń fi ọwọ́ kan di fèrè mú, tí wọ́n ń fi èkejì lu ìlù ńlá. Mo gbà pé àyà wọn ló gba èémí ju tèmi lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe àyà nìkan.

Àwọn ọ̀pá oníhò tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni síkù, ó sì pín sí méjì: ira ló ń ṣíwájú, arka ló ń tẹ̀ lé e. Nínú irú tó wọ́pọ̀ jù, ọ̀pá mẹ́fà ni ira ní, arka ní méje. Ohùn tó wà lọ́wọ́ ọ̀kan kò sí lọ́wọ́ èkejì. Má fi wé lílé orin àti gbígbè o, torí pé ẹni tó ń lé orin ti parí gbólóhùn tirẹ̀ kí àwọn tó kù tó gbè é. Bí obìnrin méjì ṣe ń gún iyán nínú odó kan ni kó o rò ó: bí ọmọ odó kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń balẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kejì rẹ bá ń fọn ni ìwọ fi ń mí. Bó o bá fọn méjèèjì, o ò ní rí àyè mí, òòyì á sì máa kọ́ ẹ, ì báà jẹ́ etí òkun lò ń gbé.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí tí mo kọ́kọ́ rà. Ọjà àwọn arìnrìn-àjò ni mo ti rà á, wọ́n ya àwòrán sí i, ó ń dán. Mo gbé e lọ síbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń dánrawò. Kò ju ohùn mẹ́ta tí mo fọn lọ tí àgbà kan fi rọra gbà á lọ́wọ́ mi, tó gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan náà ló máa ń ṣe gbogbo síkù ẹgbẹ́ kan kí ohùn wọn lè bára mu. Tropa ni wọ́n ń pe odindi rẹ̀. Ch'uli ló kéré, malta tóbi jù ú, sanka tóbi ju malta, toyo sì lè gùn ju mítà kan lọ. Wọ́n yá mi ní arka malta kan, wọ́n fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀ kan tó ń fọn ira. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohùn méjì péré ló gbà mí láyè láti fọn. Bí mo bá fọn ún sókè kí wọ́n lè gbọ́ mi, á fi ìgúnpá kàn mí. Lójú wọn, ogún ènìyàn gbọ́dọ̀ dún bíi síkù kan ṣoṣo. Ó pẹ́ kí ìyẹn tó yé mi. Ọjọ́ tó yé mi, omi bọ́ lójú mi.

Ní àwọn abúlé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni síkù, ìgbà òjò sì ni pinkillu àti tarka, àwọn fèrè mìíràn. Ní Puno fúnra rẹ̀, síkù máa ń gba ìgboro nígbà ọdún Candelaria, lóṣù kejì tí òjò ń rọ̀. UNESCO fi ọdún náà kún ogún àṣà àgbáyé ní 2014.

Ní ti fífọn, má fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ iná. Gbé ètè lé etí ọ̀pá bí ọmọdé ṣe ń fọn ẹnu ìgò, kó o ti èémí kékeré láti inú ikùn, kó o sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, wá ẹnì kan, àbúrò rẹ tàbí alábàágbé rẹ. Fún un ní arka, kí ìwọ mú ira, ẹ dojú kọ ara yín, kí ẹ fi ohùn mẹ́rin péré bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ pààrọ̀.