Kí ló dé tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń jọ lo ọkọ̀ ìwádìí òkun, kí ló sì kan àwa ará Kábà?

Owó ni. Epo, òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ inú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jẹ owó gọbọi lójoojúmọ́. Olówó pàápàá ń wá alájọṣe. Ẹ wo PIRATA, ètò ìwádìí òkun kan: láti 1997 ni Brazil, Faransé àti Amẹ́ríkà ti jọ ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó léfòó lórí òkun Àtìláńtíìkì. Lọ́dọọdún, ọkọ̀ á lọ pààrọ̀ èyí tó ti gbó. Lójú ọ̀nà, wọ́n á fi wáyà sọ àwọn ìgò gígùn, tí wọ́n tò yípo, sínú ibú. Ẹ̀rọ tó bá wọn lọ á máa wọn ìgbóná àti iyọ̀ omi. Tí wọ́n bá ń fà wọ́n bọ̀ lókè, ìgò kọ̀ọ̀kan á pa ẹnu dé níbi tí wọ́n bá fẹ́, kó lè gbé omi ibẹ̀ wá. Ọ̀fẹ́ ni èsì ìwádìí PIRATA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ gan-an ló wù mí jù.

Ní ti Kábà, òkun jìnnà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòjò wa ti ń wá. Bí omi Gulf of Guinea, apá Àtìláńtíìkì tó wà ní gúúsù Nàìjíríà, bá ṣe gbóná tó wà lára ohun tó ń pinnu ìgbà tí òjò máa dé. Ẹ bi àwọn tó ń gbin iṣu ní Ìyàrà àti Ìsánlú bóyá ìyẹn kàn wọ́n.