Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àpò Ta Ni Èrè Fóònù Ń Bọ́ Sí?

Lẹ́tà tó dé lórí ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù lóṣù yìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èyí tó jọra, a pa wọ́n pọ̀. Èyí tó gùn jù, a gé e kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á níbì kan pé láàárín oṣù mẹ́ta péré ní ọdún 2016, Apple nìkan kó ìdá 103 nínú ọgọ́rùn-ún èrè orí fóònù lágbàáyé. Àbí ẹni tó kọ ọ́ ò mọ ìṣirò ni? Báwo lèèyàn ṣe máa jẹ ju ohun tó wà nínú àwo lọ? (Akẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ó mọ̀ ọ́n. BMO Capital Markets, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan, ló ṣírò rẹ̀ fún Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án 2016, iye tí wọ́n sì gbé jáde ni 103.6. Ohun tó ń rú yín lójú ni pé àpapọ̀ èrè ọjà kì í ṣe èrè àwọn tó jèrè nìkan. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ àdánù àwọn tó pàdánù kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n tó wá pín in. Ẹ jẹ́ ká ní ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́jà. Èkíní jèrè 110 dọ́là, èkejì jèrè 10, ẹ̀kẹta pàdánù 20. Ẹ ro 110 mọ́ 10, ẹ yọ 20 kúrò, ó ku 100. Ẹni tó jèrè 110 níbi tí àpapọ̀ ti jẹ́ 100 ti kó ìdá 110 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, kò sì jí owó ẹnikẹ́ni.

Ní àsìkò tí à ń wí yìí, LG àti HTC ń pàdánù lórí fóònù. Samsung tó yẹ kó bá Apple du èrè náà wà nínú wàhálà Galaxy Note 7. Oṣù Kẹjọ ló gbé fóònù ọ̀hún jáde. Nígbà tó fi máa di 2 Oṣù Kẹsàn-án, bátìrì ti ń gbiná lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó sì ní kí wọ́n dá nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ padà. Èyí tó fi pààrọ̀ náà tún ń jó, ni ó bá dá ṣíṣe rẹ̀ dúró pátápátá ní 11 Oṣù Kẹwàá. Ìwádìí tí Samsung fúnra rẹ̀ gbé jáde ní Oṣù Kìíní 2017 fi hàn pé àléébù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ méjì tó bá a ṣe bátìrì. Nínú bátìrì ti àkọ́kọ́, àpò rẹ̀ há ní igun òkè, ó ń tẹ àwọn ewé irin inú rẹ̀. Nínú ti èkejì, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ yọ ṣóńṣó, ó ń gún awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yẹ kó la ìhà méjèèjì bátìrì láàárín. Ibi tí ìhà méjèèjì bá ti fara kanra, iná ló máa sọ.

Ẹ fi èyí kún un: láàárín oṣù mẹ́ta náà, Apple ta mílíọ̀nù 45 àbọ̀. Samsung ta ju mílíọ̀nù 70 lọ.

ÌBÉÈRÈ: Tecno, Infinix àti itel ló ń yára tà jù ní ṣọ́ọ̀bù mi. Tí n bá ta ogún fóònù tuntun, bóyá la fi máa rí iPhone kan nínú rẹ̀. Kí ló wá dé tí gbogbo ayé ń pariwo pé Apple ló ń jèrè jù? (Oníṣòwò fóònù, Ọ̀tìgbà, Ìkẹjà)

ÌDÁHÙN: Baba kan náà ló bí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Transsion, tí Zhu Zhaojiang dá sílẹ̀ ní 2006. Láti 2019 ni wọ́n ti ń ra ìpín-ìdókòwò rẹ̀ ní ọjà Shanghai, torí náà ìwé ìṣirò owó rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹ mú kakulétọ̀ yín.

Ní 2023, owó tó wọlé fún Transsion jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 62.3 yúàn ti Ṣáínà. Èrè tó kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó àti owó orí jẹ́ bíi bílíọ̀nù 5.5. Fóònù tó kó jáde lọ́dún náà, ti onítẹ̀ẹ́ àti ti olójú-gbalaja, tó mílíọ̀nù 194. Tí ẹ bá pín owó tó wọlé sórí fóònù, ọ̀kọ̀ọ̀kan á mú nǹkan bíi 320 yúàn wá, ìyẹn dọ́là 45 tàbí ó lé díẹ̀. Tí ẹ bá pín èrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi bíi yúàn 28 sílẹ̀: dọ́là mẹ́rin. (Kì í ṣe fóònù nìkan ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n òun ló pọ̀ jù, ìṣirò náà ò sì lè yẹ̀ lọ títí.) Kò ní yà wá lẹ́nu tí èrè tí ẹ̀yin alára ń rí lórí àpò fóònù àti gíláàsì ojú tí ẹ tà mọ́ ọn bá ju dọ́là mẹ́rin lọ.

Ó wá ku Apple. Ọdún ìṣirò 2018 ló sọ iye iPhone tó tà kẹ́yìn. Láti ìgbà náà ló ti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Lọ́dún yẹn, mílíọ̀nù 217.7 ló tà, ó sì gba bílíọ̀nù 166.7 dọ́là lórí wọn. Ìyẹn jẹ́ dọ́là 766 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí Transsion tó kó iye owó iPhone kan ṣoṣo wọlé, á ti ta fóònù mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún, yàtọ̀ sí èrè tí a ò tíì sọ.

Ẹ má fojú tín-ínrín Transsion ṣá o. 5.5 nínú 62.3 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí sì dára gan-an fún ẹni tó ń ta ọjà olówó pọ́ọ́kú. Lei Jun, olórí Xiaomi tó ń ṣe fóònù ní Ṣáínà, ṣèlérí ní 2018 pé èrè tí ilé-iṣẹ́ òun á máa jẹ lórí fóònù àti àwọn ẹ̀rọ yòókù kò ní ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó sì fi ṣe ohun ìyangàn. Ohun tó gba Transsion là ni pé ọjà Áfíríkà ló kọ́kọ́ dojú kọ nígbà tí àwọn ńlá kò kà á sí: síìmù méjì tàbí mẹ́rin, bátìrì tó ń pẹ́, kámẹ́rà tí wọ́n tún ṣe kó lè mú àwọ̀ dúdú yọ dáadáa, àti Carlcare tó ń tún un ṣe nítòsí. Xiaomi náà ti wọ ọjà yẹn báyìí. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 2025, èrè Transsion já ju ìdajì lọ sí ti àkókò kan náà ní ọdún tó ṣáájú.

ÌBÉÈRÈ: Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mò ń ṣe. Mo mọ iye tí sukuríìnì, bátìrì, kámẹ́rà àti bọ́ọ̀dù jẹ́. Tí mo bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kì í tó iye tí wọ́n ń ta fóònù. Ibo lèyí tó kù ń wọlé sí? (Atúnfóònùṣe, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Apá kan rẹ̀ wà nínú ohun tí ẹ ò lè fi súúkù-dẹ̀rẹ́fà tú: ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún àwọn tó hùmọ̀ ọgbọ́n tí fóònù ń lò. Kò sí ẹni tó lè ṣe fóònù 5G láìlo ohun tí Qualcomm, Ericsson, Nokia àti Huawei hùmọ̀. Iye tí Qualcomm kéde ni ìdá 3.25 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé-iṣẹ́ ta fóònù, ṣùgbọ́n tí owó náà bá ti ju 400 dọ́là lọ, kò ní ka èyí tó lé. Ericsson kéde dọ́là 5, tó lè wá sí 2.50 lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Nokia kò ju yúrò 3 lọ. Huawei kò ju dọ́là 2.50 lọ. Iye tí wọ́n fi lọ̀ nìyẹn o, àwọn tó ń rà púpọ̀ máa ń nájà.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀bẹ ti mú. Fóònù 150 dọ́là máa san bíi 4.88 dọ́là fún Qualcomm. Fóònù 1,000 dọ́là máa san 13, torí orí 400 nìkan ni wọ́n ti máa ka ìdá 3.25 náà. Ìyẹn ìdá 1.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń ta ọjà fún tálákà ni ẹrù náà wúwo lé lórí jù. Àwọn fóònù onítẹ̀ẹ́ àti 3G kò sí nínú ìṣirò yìí, ìdí kan sì nìyí tí 5G fi pẹ́ kó tó dé orí fóònù olówó kékeré.

Yàtọ̀ sí èyí, ilé-iṣẹ́ tó ń tò ó pọ̀ gba tirẹ̀ (kì í pọ̀, irú Foxconn tó ń to iPhone, èrè díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ). Owó ìpolówó wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ibodè, owó àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún ọdún kan, èrè alágbàtà àti ti ẹni tó ń tà á lójú ọ̀nà. Mẹ́mórì tún wà: Samsung, SK Hynix àti Micron ló di ọjà rẹ̀ mú, nígbà tí àwọn oní-AI sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á ràkàràkà, owó rẹ̀ fò sókè láti apá ìparí 2025.

Ẹ ó ti kíyè sí i pé Samsung fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Láti iPhone X ti 2017 ni Apple ti ń ra sukuríìnì OLED lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ra iPhone lónìí, ó ṣeé ṣe kí Samsung ti jẹ nínú rẹ̀. Orogún ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, oníbàárà ara wọn ni wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ra fóònù Xiaomi fún mi. Ìpolówó ọjà ń jáde nínú rẹ̀ bí mo bá ti fẹ́ wo nǹkan, tí mi ò sì tẹ nǹkan kan. Ṣé kòkòrò ló wọ̀ ọ́ ni? (Ìyá àgbà kan, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àárọ̀ o, Mọ́mì. Kì í ṣe kòkòrò. Xiaomi tó ní òun ò ní jẹ ju ìdá márùn-ún lọ lórí fóònù gbọ́dọ̀ wá èyí tó kù níbòmíràn, ìpolówó náà sì ni "ibòmíràn" ọ̀hún. Apple náà ń ṣe irú rẹ̀ lọ́nà tó lọ́lá díẹ̀: ìwé ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé Google san bíi 20 bílíọ̀nù dọ́là fún un ní 2022 kí Google lè jẹ́ ibi tí Safari, áàpù tí wọ́n fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì lórí iPhone, ti ń wá nǹkan. Ohun tó ń wọlé fún Apple lórí áàpù, orin àti irú wọn tó bílíọ̀nù 96.2 dọ́là ní ọdún ìṣirò 2024. Nínú dọ́là 100 níbẹ̀, bíi 74 ló ń kù lẹ́yìn owó ọjà, bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń tà, 37 ni. Lọ́dọ̀ tiwa, Transsion ló ṣáájú àwọn tó fi owó sínú PalmPay ní 2019, áàpù owó náà sì ń bá àwọn fóònù Transsion wọlé láti ilé-iṣẹ́.

Ẹ sọ fún ọmọ yín kó ṣe báyìí. Kó ṣí dátà, torí kò ní ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó wọ Settings, kó lọ sí Passwords & security, lẹ́yìn náà Authorization & revocation. Níbẹ̀ ló ti máa rí msa, ìyẹn áàpù tó ń gbé ìpolówó jáde; kó pa á. Fóònù á ní kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kó tó tẹ Revoke. Ó sábà máa ń sọ pé kò ṣeé ṣe nígbà àkọ́kọ́. Kó má jẹ́ kó sú òun, kó tún un tẹ̀ léraléra, á gbà níkẹyìn. Lẹ́yìn èyí, kó wọ Privacy, kó wá Ad services, kó pa Personalised ad recommendations. Èyí kejì kò ní kí ìpolówó má jáde, ó kàn ní kó má máa tọpa yín ni. Áàpù tí ẹ ò lò, ẹ yọ ọ́. Èyí tí kò gbà kí wọ́n yọ òun, ẹ tẹ Disable. Èyí tí ẹ ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

ÌBÉÈRÈ: Irú fóònù tí mo rà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti di ìlọ́po méjì báyìí. Ṣé ojúkòkòrò àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ni? (Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Náírà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, báńkì ń ka dọ́là kan sí nǹkan bíi 460 náírà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó fóònù wọlé kò rí i rà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ni wọ́n ti ń rà á ní bíi 750. Ní ìparí 2024, ó ti kọjá 1,500. Fóònù 100 dọ́là kúrò ní 75,000 bọ́ sí 150,000, láìka owó ibodè. Iye dọ́là tó wọ àpò ilé-iṣẹ́ kò yí padà.

ÌBÉÈRÈ: LG V60 ni mò ń lò, ó sì ń ṣe dáadáa. Kí ló lé LG kúrò lọ́jà gan-an? Ṣé kí n ṣì máa lo èyí? (Houston, Amẹ́ríkà)

ÌDÁHÙN: LG kéde ní 5 Oṣù Kẹrin 2021 pé òun fi fóònù sílẹ̀, lẹ́yìn tó ti pàdánù nǹkan bíi 4.5 bílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún bíi mẹ́fà. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó há sí àárín ni: kò lórúkọ tó lè mú kó ta owó gọbọi bí Apple, kò sì ta iye tó lè mú kí owó ìmúrasílẹ̀, èyí tí wọ́n ń ná kí fóònù tó dé ọjà, rọrùn. Ká ní ìmúrasílẹ̀ fóònù kan gba 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó ta mílíọ̀nù 100 á rí i bíi dọ́là 2 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ta mílíọ̀nù 10 á rí i bíi 20. Ẹ̀yà ara fóònù sì rèé, oṣù mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti máa ń béèrè fún un. Bí fóònù náà kò bá wá tà, ẹ̀dínwó ni wọ́n á fi lé e jáde kí ti tuntun tó dé. G4 ti 2015 tún bà á lórúkọ jẹ́, torí nǹkan kan nínú bọ́ọ̀dù rẹ̀ kì í fara kanra dáadáa, fóònù á kàn máa kú, á máa jí, láìṣí tán.

Ní ti V60 yín, 30 Oṣù Kẹfà 2025 ni LG pa ẹ̀rọ tó ń fi àtúnṣe ránṣẹ́. Èyí tí ẹ kò bá ti gbà ṣáájú ọjọ́ náà, kò lè wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ẹ lè máa fi gbọ́ orin, kí ẹ máa fi ya fọ́tò, kí ẹ máa fi wo fíìmù. Ẹ yọ áàpù báńkì àti ìmeèlì tí báńkì ń lò kúrò nínú rẹ̀, ẹ gbé wọn sórí fóònù tó ṣì ń gba àtúnṣe ààbò. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ṣájà sí i mọ́. Bátìrì ló fẹ́ bẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba bátìrì àlòkù ni kó lọ.