Iṣan wo gan-an ló ń dùn yín?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Tíṣà ni mí ní Kétu, ẹni ọdún 43. Gbogbo ọjọ́ Àìkú làwa àgbà àdúgbò máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi òsì ti fà lójijì lórí eré, ojú kan náà, kì í sì í ju ogún ìṣẹ́jú tá a bá ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń sinmi ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá kan a fi òrí gbígbóná fà á fún mi, wọ́n tiẹ̀ ti gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Á lọ, á tún padà. Wọ́n ní iṣan ni. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Dókítà kọ́ ni mí o, kínè ni mí, ẹni tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti èjìká ọmọ aráyé ni mò ń bá yí láti àárọ̀ dalẹ́.

Àwọn tó sọ pé iṣan ni ò parọ́, àmọ́ wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Lédè wa, ohun tó ń fa egungun, iṣan là ń pè é. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà ni. Okùn tó ti ẹ̀yìn wá, tó ń jẹ́ ká mọ̀ bí nǹkan bá fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa, iṣan náà la tún ń pè é. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ẹ̀yìn ojúgun kọjá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè dunni níbẹ̀, ìtọ́jú wọn ò sì jọra rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ èyí tó léwu kúrò. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dunni láìjẹ́ pé èèyàn sáré, pàápàá lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn tí èèyàn jókòó pa, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ pa á o, kí wọ́n má sì fi òrí fà á. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè ṣí kúrò níbẹ̀ kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ó dé ọsibítù, bí èémí bá sì ti ń há tàbí tí àyà ń dùn, òru kò gbọdọ̀ dá a dúró.

Ti ẹ̀jẹ̀ kan wà tí kì í wú. Èèyàn á rìn dé ibì kan, ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ á ti máa dùn ún lójoojúmọ́. Bó bá dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á lọ; bó bá tún rìn, á tún dé. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ló ti fún. Àwọn tó ń mu sìgá àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa ń bá jù. Dókítà ló máa wò ó.

Bí ìrora bá sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí wálẹ̀, tó ń ta bí ẹ bá wúkọ́ tàbí tí ẹ sín, tí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ níhà ọmọ ìka tó kéré jù ń kú tipiri, ẹ̀yìn ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ń fi òrí ra ojúgun nírú ìgbà yẹn, ètè ló fi sílẹ̀ tó ń pa lápálápá.

Tiyín ò jọ ọ̀kankan nínú wọn. Ó ń fà lójijì, lórí eré, lójú kan náà: iṣan tó ń fa egungun ni. Méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Tòkè gba orúnkún kọjá, tìsàlẹ̀ ò dé orúnkún. Bí ẹ bá dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, tí ẹ fi ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, orúnkún nà, tòkè ló ń nà. Bí ẹ bá ń tẹ orúnkún bọ̀ bí ẹni fẹ́ lóṣòó, tí gìgísẹ̀ ò kúrò nílẹ̀, tìsàlẹ̀ ni. Èyí tó bá fa ìrora yẹn ni ẹ mẹ́nu kàn fún ẹni tó bá máa tọ́jú yín.

Kí ló dé tó ń padà? Ìrora ń lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì, agbára ò tíì dé. Abẹ́rẹ́ ń mú ìrora lọ, kò fi agbára kún iṣan. Ọlọ́kadà zémìjàn kan wá bá mi, ó ní òun ti yá pátápátá. Mo ní kó fọwọ́ kan ògiri, kó fẹsẹ̀ kan dúró, kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ka 23. Tòsì dé 8, ó ń gbọ̀n, ọlọ́kadà náà ti ń fi gbogbo ara ti ògiri mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó rẹ òun ni. A sinmi, a tún un ṣe: 8 náà ni.

Bó bá tún fà, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fi aṣọ dì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹ bá jókòó, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á o, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jò nínú ẹran nígbà yẹn. (Mi ò bá bàbá yẹn jà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òrí rẹ̀ kò ní pa yín lára.) Àmọ́ bó bá dún pọ́ọ̀, tí ẹ rò pé ẹnì kan ta yín nípàá láti ẹ̀yìn, tí ẹ bojú wẹ̀yìn tí ẹ ò rẹ́nì kan, iṣan gìgísẹ̀ lè ti já. Ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an. Ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbé gìgísẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sinmi, ẹ ṣe é nígbà mẹ́ta, ọjọ́ kan sí ìkejì. Bó bá rọrùn, ẹ lọ sí ẹsẹ̀ kan. Bí ìyẹn náà bá rọrùn, ẹ rọ iyanrìn sínú àpò ìwé, kí ẹ gbé e kọ́yìn. Fún tìsàlẹ̀, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ gbé àpò náà lé orúnkún, kí ẹ máa gbé gìgísẹ̀. Ìrora díẹ̀ kò burú, bó bá ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá fún mi, torí kò dùn wọ́n mọ́.

Bí iye tí ẹsẹ̀ òsì lè gbé bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọ̀tún, ẹ sáré tààrà, lẹ́yìn náà eré líle, lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù, ìṣẹ́jú 15 péré lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́. Ẹ má sì sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù bọ́ sórí pápá tààrà mọ́, mo mọ̀ yín.

Bí ojú ibẹ̀ ò bá dunni, ẹ fọwọ́ kan ògiri lálẹ́ òní bíi ti ọlọ́kadà yẹn, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé gìgísẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Kí ẹ kọ iye méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.