Ìdí tí lanthanum chloride fi ń wọ omi ewédú kí a tó wọn kálísíọ̀mù

Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. O béèrè ìdí tí wọ́n fi ní kí o da lanthanum chloride, iyọ̀ funfun kan, mọ́ omi ewédú tí o fẹ́ wọn kálísíọ̀mù inú rẹ̀, àti bóyá èyí tó dì gbagidi nínú ìgò yín n'Ífẹ̀ ti bàjẹ́.

Fọ́sífétì inú ewédú ló ń fa wàhálà. Bí omi náà bá wọ iná acetylene àti afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn kálísíọ̀mù, fọ́sífétì á di kálísíọ̀mù mú, iná yẹn ò sì gbóná tó láti tú wọn ká. Ẹ̀rọ á wá ka iye tó kéré sí òótọ́. Lanthanum ló máa gbá fọ́sífétì mú, kálísíọ̀mù á sì bọ́.

Jọ̀wọ́, má fi sí omi ewédú nìkan. Fi iye kan náà sí gbogbo standard rẹ (omi tí o ti mọ iye kálísíọ̀mù inú rẹ̀) àti blank (èyí tí a kò fi ewédú sí), torí lanthanum mìíràn ní kálísíọ̀mù díẹ̀ nínú. Ibí ni iṣẹ́ gidi ti ń dàrú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ó sì máa ń dùn mí.

Ní ti dídì, iyọ̀ funfun yẹn a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá lásìkò òjò. Kò tíì bàjẹ́. Gíráàmù 26.7 LaCl3·7H2O nínú lítà kan ló ń fúnni ní ìdá 1 nínú 100 lanthanum. Bí omi tí iyọ̀ náà fà bá mú kí lanthanum dín díẹ̀, kò séwu, a kúkú máa ń fi í pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ṣùgbọ́n má gbé e sórí iná láti gbẹ ẹ́ o! Ooru líle á sọ ọ́ di oxychloride, ìyẹn ò sì ní yòrò lómi mọ́. Dé ìgò náà pinpin.