Ẹ̀yìn Ń Dùn Mí, Ìtọ̀ Mi Sì Ń Hó: Ṣé Kídìnrín Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 46 ni mí, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí tipẹ́, ibuprofen ni mò ń lò sí i, ó ti di ojoojúmọ́ báyìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kídìnrín ni, kí n máa mu omi gan-an kó lè fọ̀ ọ́, mo wá ń mu ún débi pé mi ò rí oorun sùn mọ́ lóru, ìtọ̀ ṣáá ni. Ìtọ̀ ọ̀hún náà tún ń hó bí ọṣẹ. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Bùrọ̀dá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yìn yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ jọ kídìnrín lójú mi, torí kídìnrín tó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ kì í sábà dun èèyàn, ìyẹn gan-an ló burú nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Àfi tó bá jẹ́ òkúta ló wà nínú ẹ̀ tàbí tí kòkòrò wọ̀ ọ́.

Ibuprofen yẹn ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ jù sílẹ̀. Ó máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kídìnrín kù, ó tún ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, diclofenac, oògùn ìrora bíi tiẹ̀, náà ò sàn jù ú lọ, ẹ ní kí dọ́kítà fún yín ní òmíì. Àmọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ má dá a dúró o!

Ìtọ̀ tó hó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó sì tètè rọlẹ̀ ò dẹ́rù bà mí. Èyí tó ń hó lójoojúmọ́ tí ìfófòó ẹ̀ ò lọ bọ̀rọ̀ ló lè jẹ́ protein, èròjà ara tí kò yẹ kó máa jò sínú ìtọ̀. Kídìnrín kan ní bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ tín-ín-tín, àwọn méjèèjì ń sẹ́ bíi lítà 180 omi látinú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ padà sínú ara, ó ku lítà kan sí méjì tá à ń tọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba asẹ́ yìí jẹ́ jù, tó bá ti lu, protein á máa jò.

Ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀, kí wọ́n wo albumin, irú protein kan, kẹ́ẹ sì ṣe ti ẹ̀jẹ̀, ìyẹn creatinine, ìdọ̀tí tí kídìnrín máa ń yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á fi creatinine yẹn ṣírò nọ́ńbà kan, eGFR, tó ń sọ bí kídìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ dáadáa tó. Tó bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù 3 ó kéré tán, àrùn kídìnrín nìyẹn, tó bá wá já sí abẹ́ 15, ọ̀rọ̀ dialysis (ìtọ́jú tó ń bá kídìnrín fọ ẹ̀jẹ̀) tàbí pípààrọ̀ kídìnrín ló máa ń délẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí eGFR tó dáa tàn yín tí albumin bá pọ̀ nínú ìtọ̀.

Omi ò lè fọ kídìnrín, ẹ mu ún bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Tí ẹsẹ̀ tàbí ojú bá ti ń wú, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ́ẹ tó lọ.