Òṣèré Kan, Ojú Mẹ́wàá: Ìbéèrè Yín àti Èsì Wa

Lẹ́tà tó wọlé lórí iṣẹ́ òṣèré lóṣù yìí pọ̀, Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì ti wá. Kò yani lẹ́nu, ìlú Dúró Ládiípọ̀ àti Oyin Adéjọbí, àwọn ọ̀gá eré ìtàgé, kúkú ni. Àwọn tó kan òṣèré tí í ṣe baálé ilé lónìí, tí í ṣe gbájúẹ̀ lọ́la, la mú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 27 ni mí, wọ́n fún mi ní ipa bàbá ẹni ọdún 70. Mo fi òwú ṣe irùngbọ̀n, mo tẹ̀ wá síwájú, mo ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Níbo ni mo ti ṣì í? (Òǹkàwé kan, Òkè-Fíà)

Gbígbọ̀n yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Arúgbó kì í fẹ́ gbọ̀n. Gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń sapá kí ẹnikẹ́ni má rí i pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba láàárọ̀, kí ẹ wo bàbá kan tó fẹ́ jókòó. Kò ní wo àga. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni yóò fi wá a, yóò fi ọwọ́ kan di nǹkan mú, yóò máa sọ ara kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ku bí ìka mẹ́rin, yóò já jókòó lójijì, torí itan kò lè gbé e dé ìsàlẹ̀ mọ́. Jíjá kékeré yẹn ni òǹwòran yóò gbà gbọ́ ju ọ̀pá àti ikọ́ lọ.

Ẹ mú oríkèé kan ṣoṣo tí ọjọ́ orí ti ń dun bàbá náà: orúnkún, ìbàdí tàbí ẹ̀yìn. Ẹni tó bá mú gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀bọ ló ń ṣe, kì í ṣe àgbà. Bó bá jẹ́ orúnkún ọ̀tún, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé eré yín, torí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí bàbá máa tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ní ìran kejì, kó di ẹsẹ̀ òsì ní ìran kẹrin. Ẹ fi ẹyọ ẹ̀wà kan sínú bàtà ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ẹsẹ̀ kò ní gbàgbé.

Ó ku irùngbọ̀n. Òógùn ni ọ̀tá rẹ̀: ó ń wọ abẹ́ gọ́ọ̀mù, etí irùngbọ̀n á ṣí, ẹni tó ń bá yín ṣeré á sì máa wo ibẹ̀ dípò ojú yín. Ẹ fi sípíríìtì nu àgbọ̀n kí epo ara kúrò, ẹ fi gọ́ọ̀mù irun pa á, ẹ jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ kí ẹ tó tẹ òwú mọ́ ọn. Ẹ fa òwú náà tín-ínrín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ àgbọ̀n bọ̀ wá sókè, bí ẹni tó ń kan páànù sórí ilé, kí ìpele òkè lè bo tìsàlẹ̀. Ẹ má da atíké bo gbogbo orí. Dúdú irun á yọ lábẹ́ rẹ̀, á dà bí eérú, ẹni tó bá sì dì mọ́ yín lórí ìtàgé á fi í sílé. Ẹ̀bá etí méjèèjì ti tó.

Gbogbo èyí, ti ìtàgé ni. Kámẹ́rà á tú òwú fó. Fún fíìmù, látẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ohun funfun olómi tó ń gbẹ bíi rọ́bà, ni wọ́n fi ń ṣe ìhunjọ: ẹnì kan á na awọ ojú yín, á fi kànìnkànìn tẹ̀ ẹ́ sí i fẹ́ẹ́rẹ́, á fẹ́ ẹ títí yóò fi gbẹ, á fi atíké sí i *kó tó* tú awọ sílẹ̀. Bí kò bá sí atíké, á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ìpele méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Má jẹ́ kó kan ìpéǹpéjú, yóò fà á tu. Kó tó di ọjọ́ iṣẹ́, ẹ fi díẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú, torí ara àwọn mìíràn kò gbà á.

Bàbá mi wo eré mi, wọ́n ní nígbà tí mo bínú, àwọn kò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ mo pariwo dáadáa. Wọ́n tún fẹ́ fún mi ní ipa ará Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀rù ń bà mí. (Akẹ́kọ̀ọ́, Ayétòrò)

Ariwo ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ìbínú sì máa ń gbé gbogbo wọn lọ sókè. "Ọkọ mi dà?", "Ọkọ̀ mi dà?", "Ọkọ́ mi dà?": bí o bá lọgun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ohùn kan náà, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ sá lọ ti di ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi ro oko. Ohun tó yẹ ni kí o gbé ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè pọ̀, bí ẹni gbé ilé tìpìlẹ̀tìpìlẹ̀. Jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ náà gòkè, ṣùgbọ́n kí àlàfo tó wà láàárín òun àti ohùn òkè má dín. Fi ẹnu kùn ọ̀rọ̀ náà láìla ẹnu, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìbínú. Bí orin méjèèjì bá jọra, ó ti tọ́. Bí onígángan bá wà nínú ẹgbẹ́ yín, ní kó fi ìlù tẹ̀ lé ọ bí o ṣe ń bínú. Ibi tí ìlù bá ti sọnù ni òǹwòran ti sọnù.

Ti Ìjẹ̀ṣà kò le tó bí o ṣe rò. Mú àmì méjì tàbí mẹ́ta péré, bíi "ulé" fún ilé, "uṣu" fún iṣu, kí o sì dì wọ́n mú dé òpin. Ohun tó ń ba ipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni kí òṣèré sọ ọ́ ní àsọjù ní ìran kìn-ín-ní, kó di ará Òṣogbo pátápátá ní ìran kẹta. Iléṣà kò jìnnà. Lọ bá àgbà kan sọ̀rọ̀, fi fóònù gbà á sílẹ̀ bó bá gbà fún ọ.

Ìtàgé ni kí n kọ́kọ́ ṣe àbí fíìmù? Iṣẹ́ ta ni kí n fi ṣe àwòkọ́ṣe? (Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Òkè-Báálẹ̀)

Ìtàgé, ó kéré tán fún ọdún kan. Lórí ìtàgé, wàá gbé ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní alẹ́ kan. Èérún ni fíìmù ń fún ọ, wàá sì fúnra rẹ tò ó. Ẹni tó bá sọ pé kò pọn dandan, ẹ wò ó bóyá fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ òṣèré ló fẹ́ tà.

Wo Kọ́lá Oyèwọ̀. Ní 1964 ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Oyin Adéjọbí. Eré irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìwé tí à ń há sórí: ọ̀gá á sọ ìtàn, òṣèré á wá ọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ á sì máa dán láti ìlú dé ìlú. Nígbà tó ṣe Ọdẹ́wálé nínú *The Gods Are Not to Blame* ti Ọlá Rótìmí, Gẹ̀ẹ́sì tí a ti kọ sílẹ̀ ni, kò sí àyè àfikún. Ní 1999 ó di Lápité nínú *Ṣaworoidẹ* ti Túndé Kèlání. Ọba ni méjèèjì, ìyàtọ̀ wọn sì ni ẹ̀kọ́ rẹ: ìbínú ló ń ti Ọdẹ́wálé síwájú, kò mọ̀ pé ọ̀fìn ara òun lòun ń wá kiri; Lápité mọ ohun tó ń ṣe dáadáa, owó ló ń wò. Òṣèré náà tún di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, lẹ́yìn náà ní Redeemer's ní Ẹdẹ. Láti ilé Adéjọbí kan náà ni Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ti wá, ẹni tó ṣe Olóyè Ọ̀tún nínú *Ti Olúwa Ni Ilẹ̀* ní 1993.

Mú ìran kan, pa ohùn rẹ̀, wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà pa ojú dé, gbọ́ ohùn nìkan. Kọ èyí tó yà ọ́ lẹ́nu sílẹ̀.

Kí o sì kọ́ iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Iná ni Jimoh Buraimoh ń bójú tó nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ kí ayé tó mọ̀ ọ́n sí ayàwòrán. Ẹni tó mọ iná tàbí ìlù kì í jókòó sílé nígbà tí kò bá sí ipa.

Wọ́n ń yìn mí lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n ní lokéṣàn, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, "dín in kù" ni olùdarí ń wí ṣáá. (Òǹkàwé, Ìlobùú)

Lórí ìtàgé, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà ti gbé onítọ̀hún wá síwájú imú yín. Kí wọ́n tó yà á, ẹ bi oníkámẹ́rà: ibo ni àwòrán ti gé, orúnkún ni tàbí àyà? Bó bá jẹ́ ojú nìkan, ìpéǹpéjú tó gbéra dà bí ẹni tó ju àga. Ojú ẹni tẹ́ ẹ ń wò, ẹ mú ọ̀kan, èyí tó sún mọ́ kámẹ́rà. Bí ẹ bá ń wo ọ̀tún wo òsì, ẹ ó dà bí olè. Ohùn yín kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí ẹnìkejì dúró sí. Èrò inú nìkan ni kò gbọdọ̀ dín.

Ẹ ṣọ́ra fún oúnjẹ. Bí ẹ bá fi ìdùnnú gé àkàrà ńlá nígbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó máa gé e nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún un yà, lórí ọ̀rọ̀ kan náà, pẹ̀lú ọwọ́ kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ń to fíìmù kò ní rí i so pọ̀. Títí ọ̀sán, ẹ lè ti jẹ mẹ́wàá. Ẹ gé e kékeré.

Ohùn mi máa ń há lẹ́yìn eré méjì. Orógbó ni mò ń jẹ. (Òṣèré kan, Ẹdẹ)

Orógbó ń mú itọ́ wá, itọ́ ń tu ọ̀fun lára, ó parí síbẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé ìdodo, kí ẹ mí sínú: bí èjìká ló gòkè, ọ̀fun lẹ fi ń gbé iṣẹ́ ikùn. Ẹ mu omi láti àárọ̀, kì í ṣe nígbà tí ìlù ti ń dún. Bó bá há ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ẹ lọ rí dókítà.

Wọ́n ní ọjọ́ 2 ni iṣẹ́ náà, ó di ọjọ́ 6, owó kò yí padà. (Bàbá kan, Ìgbóǹnà)

Ojú ewé kan ti tó fún àdéhùn: orúkọ ipa, iye ọjọ́, owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lé, ẹni tó ń san owó ọkọ̀ àti ibùsùn, ọjọ́ tí owó yóò wọlé, bí orúkọ yín yóò ṣe jáde. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bèèrè iye ìran *àti* iye ibi tí wọ́n ti ń yà á: ìran 5 nínú ilé kan lè tán lọ́jọ́ kan, ìran 3 ní ìlú 3 kò lè tán. Ìran àwọn tó ń ṣe ipa kékeré ni wọ́n máa ń sún síwájú nígbà tí ìlúmọ̀ọ́ká bá pẹ́ dé, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n to tiyín pọ̀ sójú kan, kí ìdajì owó sì ti wọlé kí ẹ tó wọ aṣọ eré.